Àyè Àkọlé Lójú Ìwé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́, àwọn atẹ̀wé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìperu Rẹ́mọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi bísíńẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà jẹun láti Ìperu dé Ìlíṣàn títí wọ Ṣágámù, iṣẹ́ yín gan-an ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Nínú gbogbo iṣẹ́ yín, àkọlé nìkan ni mo mú. N kò ní sọ̀rọ̀ lórí ohun tó yẹ kí àkọlé sọ. Ibi tó yẹ kó jókòó sí lójú ìwé, bó ṣe yẹ kó tóbi tó, àti ohun tí a fi ń gbé e dúró síbẹ̀, ìyẹn ni tèmi lónìí.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré, kó ka ìwé tó ń gba ọwọ́ wa kọjá nínú ọdún kan ní Rẹ́mọ yìí: ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ètò ìgbéyàwó, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́, lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ìwé àdéhùn ilẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún ń bẹ. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìlíṣàn láti 1959, tó di Yunifásítì Babcock ní 1999, kò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé tó wà lágbègbè yìí ló sì mọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń sáré wọlé ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kó fi ìwé sílẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni olùkọ́ máa kọ́kọ́ rí.

Kò sí ẹni tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé tí kò tíì gbọ́ àṣẹ yìí: “Ẹ bá mi sẹ́ńtà ẹ̀. Ẹ bóòdù ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá ọ́ńdáláìnì ẹ̀.” Àwọn mìíràn á fi ìkẹrin kún un pé lẹ́tà ńlá ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Atẹ̀wé mọ̀ pé oníbàárà ló ni owó, á sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ká mọ ibi tí àwọn àṣẹ wọ̀nyí ti wá, nítorí ẹ̀rọ tó bí méjì nínú wọn ti kógbá sílé, àwa sì ń sìn ín lọ.

Ìwé tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ kò ní ojú ìwé àkọlé nígbà tó kọ́kọ́ dé ayé. Bíbélì tí Gutenberg tẹ̀ ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1455 kò ní in. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé àkọ́kọ́ láìwẹ̀yìn. Ní 1476, ní ìlú Venice, Erhard Ratdolt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ kàlẹ́ńdà tí onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Regiomontanus ṣe, wọ́n sì ya ojú ìwé àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ láti fi sọ ohun tí ìwé náà dá lé, orúkọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́, ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ àti ọdún. Òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn ìwé ń pè ní ojú ìwé àkọlé àkọ́kọ́ tó pé.

Níhìn-ín, a kò ní láti lọ jìnnà. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti ìjọ CMS ti gbé ìwé ìròyìn jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1859. Orúkọ tó sọ ọ́ gùn: Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Àwọn tó ń to lẹ́tà nígbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tò ó, lẹ́tà òjé kan lẹ́yìn òmíràn. Àlàfo pàápàá jẹ́ ohun tí ọwọ́ ń mú: òjé tí kò ní lẹ́tà lórí ni wọ́n ń kì sáàárín ọ̀rọ̀ méjì, pẹlẹbẹ òjé ni wọ́n sì ń tẹ́ sáàárín ìlà méjì. Àwọn atolẹ́tà ayé ijọ́un tipa bẹ́ẹ̀ mọ ohun kan tí àwa ti gbàgbé. Àyè tó yí àkọlé ká, ara àkọlé ni. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni táípúráítà dé. Remington ti ń tà á ní Amẹ́ríkà láti 1874, ó sì pẹ́ kó tó di ohun ọ̀fíìsì gbogbo ní ilẹ̀ wa. Táípúráítà tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ ní ìwọ̀n lẹ́tà kan ṣoṣo. Lẹ́tà rẹ̀ kò lè tóbi, kò lè sanra, kò lè dẹ̀gbẹ́. Bí akọ̀wé bá fẹ́ kí àkọlé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ohun mẹ́ta ló kù sí i lọ́wọ́: kó lo lẹ́tà ńlá, kó fa ìlà sábẹ́, tàbí kó fi àyè sáàárín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe ìdánwò Pitman, ẹ ó rántí bí a ṣe ń gbé àkọlé sáàárín. Ẹ ó sún ẹ̀rọ dé àárín ìwé, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì ìfàsẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan fún lẹ́tà méjì méjì, ibi tó bá sì dúró sí ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Púpọ̀ nínú táípúráítà ọ̀fíìsì kò sì ní ẹ, ọ àti ṣ. Akọ̀wé á tẹ e, o àti s, á fa ìlà rẹ̀ sábẹ́ àkọlé, á yọ ìwé kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, á wá mú bírò, á máa sàmì sí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà bá fẹ́ gbé àmì mì, ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, á yẹra fún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa tó padà sí i.

Enter kì í ṣe òpó

Microsoft Word ti wà láti 1983. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹ̀rọ yìí ti lè mú lẹ́tà tóbi, kó mú un sanra, kó sì wọn àyè òkè àti ti ìsàlẹ̀ fún wa. Síbẹ̀, bí táípúráítà ni a ṣe ń lò ó. Atẹ̀wé fẹ́ kí àkọlé wà láàárín ojú ìwé, ó tẹ Enter, Enter, Enter títí tó fi dé ìdajì, ó wá fi space bar ti ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀tún títí tó fi jọ pé ó wà láàárín. Àkọlé tí a fi Enter gbé dúró, mọ́tò tí a fi òkúta tì lórí òkè ni. Á dúró, àfi ìgbà tí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án.

Ohun tó sì ń fọwọ́ kàn án pọ̀. Ìwọ̀n ìwé ni àkọ́kọ́. A4 ni ìwé tí à ń rà níbí, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 210, gígùn rẹ̀ 297. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà wá ló wà lórí Letter, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 216, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 279. A4 fi mìlímítà 18 gùn jù ú lọ. Àkọlé tí ẹ fi Enter gbé dé àárín lórí Letter, lórí A4 yóò ga ju àárín lọ. Bó bá jẹ́ A4 ni ẹ fi ṣe é, tí ẹ wá gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà tó wà lórí Letter, ìsàlẹ̀ ojú ìwé àkọlé á tú sí ojú ìwé kejì: oṣù àti ọdún á dá wà lókè ojú ìwé òfìfo. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan, ẹ lọ sí Layout, ẹ tẹ Size, ẹ mú A4.

Ti ìbú ìwé rọrùn. Ctrl àti E ni, kò sí space bar níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń já àwọn tó mọ̀ ọ́n pàápàá kulẹ̀. Ẹ ti sẹ́ńtà rẹ̀, ojú yín sì ń sọ fún yín pé ó ṣì sún díẹ̀ sí ọ̀tún. Òótọ́ lojú yín ń sọ. Ó ṣeé ṣe kí ìpínrọ̀ yẹn ní àyè ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí a ń pè ní First line indent. Bí ó bá jẹ́ ìdajì ínǹṣì, àkọlé yóò sún ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì sí ọ̀tún. Ẹ ṣí Paragraph, ẹ sọ Special di none, á padà sáyè rẹ̀.

Ohun kejì tó ń jọ ọ́, tí kì í sì í ṣe àṣìṣe, ni ti ìwé tí a máa dì. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ní kí etí ìwé ní apá òsì jẹ́ ínǹṣì kan àtààbọ̀, kí ti ọ̀tún jẹ́ ínǹṣì kan. Word kì í fi àárín ìwé ṣe àárín. Àárín etí òsì àti etí ọ̀tún ló mọ̀. Nítorí náà, àkọlé á kúrò ní àárín ìwé gan-an ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, wọn á ní kí ẹ fi space bar fà á padà. Ẹ má ṣe é. Nígbà tí adìwé bá gbé ìdajì ínǹṣì mì ní apá òsì, ohun tó kù sóde yóò fi àkọlé sáàárín rẹ́gí.

Ti òkè sí ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó yá jù ni pé kí ẹ ṣí fèrèsé Page Setup, kí ẹ lọ sí Layout, kí ẹ sọ Vertical alignment di Center. Ọ̀rọ̀ ojú ìwé náà á wà láàárín fúnra rẹ̀, ìyẹn bí ìwé tilẹ̀ di A4 tàbí Letter. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe é, ẹ fi Section Break, irú tí wọ́n pè ní Next Page, ya ojú ìwé àkọlé sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù. Bí ẹ kò bá yà á, gbogbo ojú ìwé tí kò kún ni àṣẹ náà máa mú, ìlà mẹ́ta tó parí orí karùn-ún á sì léfòó sáàárín ìwé.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn. Ojú ènìyàn kì í gbà pé àárín gan-an ni àárín. Ohun tó wà ní àárín rẹ́gí, bí ẹni pé ó ń rì sísàlẹ̀ ló máa ń rí, èyí ló fà á tí àwọn atẹ̀wé àtijọ́ fi máa ń gbé àkọlé ga díẹ̀. Ẹ gbé cursor sórí àkọlé, ẹ ṣí Paragraph, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí Spacing Before. Ínǹṣì kan jẹ́ pọ́íǹtì 72. Bí ẹ bá kọ 180, ínǹṣì méjì àtààbọ̀ lẹ bù fún un lókè. Nọ́ńbà kan ni. Bí ó bá ga jù, ẹ yí nọ́ńbà padà, kò sí Enter kankan tí ẹ máa kà.

Ẹ sọ fún ẹ̀rọ pé àkọlé ni

Bóòdù àti sẹ́ńtà, ojú ènìyàn nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ohun tó sanra tó sì wà láàárín yẹn ni orúkọ ìwé. Ohun tó mọ̀ ni èyí tí ẹ bá yàn nínú Styles: Title fún orúkọ ìwé, Heading 1 fún orí, Heading 2 fún ìpín abẹ́ orí, bẹ́ẹ̀ lọ títí dé Heading 9, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá lọ ré kọjá 3 nínú ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ti ń fi àwọn ará ìlú ṣeré.

Oníbàárà á ní àwọ̀ búlúù tí Heading máa ń bá wá kò wu òun. Ẹ kò ní láti gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí Heading 1, ẹ mú Modify, ẹ sọ ọ́ di dúdú, ẹ yan fọ́ńtì, ẹ yan ìwọ̀n. Gbogbo orí mẹ́wàá tó wà nínú ìwé á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ ní kó sọ 16 di 14, tó wá ń yí i lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ojú ìwé ọgọ́rin ní agogo mọ́kànlá òru, tó sì gbàgbé ẹyọ kan.

Bí ẹ bá lo Heading, àtòjọ àkóónú kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ tẹ̀ mọ́, tí a ń fi àmì ìdánudúró tò lọ títí dé nọ́ńbà ojú ìwé. References, Table of Contents, ó parí. Bí ojú ìwé bá yí, ẹ ní kó tún ara rẹ̀ ṣe. Title kì í wọ inú àtòjọ náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ ìwé kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn orí rẹ̀. Heading tún ní ìwà kan tí wọ́n ti kọ́ ọ, Keep with next. Kì í jẹ́ kí orúkọ ìpín dá wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá wà ní òdìkejì. Bẹ́ẹ̀, fún àwọn tí ojú kò ríran, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń ka ìwé sí wọn létí, láti Heading sí Heading ni wọ́n ti ń fò lọ síbi tí wọ́n ń wá. Ìwé tó ní bóòdù nìkan, àfi kí wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo LibreOffice torí pé kò gba owó, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀, ó tilẹ̀ ní Title Page tirẹ̀ lábẹ́ Format.

Lẹ́tà tó ní orí, tó ní ìdí

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an nìyí, mo sì máa pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì kò ru nǹkan kan lórí, kò sì jókòó lé nǹkan kan. Ẹni tó bá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun. Tiwa ní àmì ohùn lókè, ó ní àmì nísàlẹ̀, láti ayé Àjàyí Crowther ló sì ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ÈTÒ Ẹ̀YẸ ÌKẸYÌN síwájú ìwé ètò ìsìnkú kí ẹ wá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ìlà náà á gba orí àmì abẹ́ Ẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Akọ̀wé tó ń lo bírò ì bá ti yẹra, kọ̀ǹpútà kì í wo bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni ẹ ń lò lábẹ́ lẹ́tà, bí ọ̀pọ̀ ìwé wa ṣe ń ṣe é, á tún burú sí i, nítorí ìlà á lẹ̀ mọ́ ìlà.

Ti òkè ló ṣe mí ní kàyéfì jù. Atẹ̀wé fẹ́ kí orin ìyìn mẹ́rin àti ìtàn ìgbésí ayé olóògbé wọ inú ojú ìwé kan, ó wá lọ sọ Line spacing di Exactly, ó fún un ní pọ́íǹtì 12. Àkọlé tó jẹ́ pọ́íǹtì 20 wà nínú ìpínrọ̀ tí a fún ní 12. Word á gé orí rẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ fún un ní 20 gan-an, àmì tó wà lórí lẹ́tà ńlá ṣì lè lọ. Lẹ́tà á wà níbẹ̀, àmì ohùn á ti bá gígé lọ, ẹ̀yẹ tí ẹbí ń ṣe fún bàbá wọn á wá di ẹyẹ tó ń fò. Mo ti mú irú rẹ̀ lọ́wọ́ rí. Nínú gbogbo àwọn tó jókòó síbi ìsìnkú náà, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, ojú ọ̀fọ̀ kò gbà á.

Ẹ lo Single tàbí At least fún àkọlé Yorùbá, láéláé. Bí àyè bá há, ẹ dín orin kù.

Ìdí tí àmì ohùn fi máa ń ṣe ségesège lórí àkọlé tún wà nínú bí wọ́n ṣe to lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà. Unicode ni ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà. Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB8, Ọ ní 1ECC, Ṣ ní 1E62. È àti Ó náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀ àti Ọ́, tó ní àmì lókè tó sì ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Ẹ ni a kọ́kọ́ ń kọ, àmì ohùn á tẹ̀lé e bí ohun ọ̀tọ̀, 0300 fún ohùn ìsàlẹ̀, 0301 fún ohùn òkè, iṣẹ́ fọ́ńtì ni láti gbé ìkejì ka orí ìkíní. Fọ́ńtì tó mọ iṣẹ́ á gbé e sáàárín. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó jẹ́ kó kọlu orí lẹ́tà. Nínú ọ̀rọ̀ kékeré pọ́íǹtì 12, ojú lè má rí i. Ní pọ́íǹtì 28, gbogbo ilé á rí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa Algerian àti Old English Text. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn wọn, oníbàárà náà fẹ́ràn wọn, kò sí ìwé ìgbéyàwó tí wọn kì í dé. Àwọn tó ṣe wọ́n kò ṣe Ẹ, Ọ àti Ṣ síbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á lọ yá lẹ́tà yẹn nínú fọ́ńtì mìíràn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á wá wọ aṣọ méjì. Ohun tí àwọn atẹ̀wé wa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á yọ àmì kúrò kó lè dọ́gba. Èmi ò gbà. Fọ́ńtì ni ká pààrọ̀. Charis SIL, Gentium, Noto Serif àti Noto Sans mọ lẹ́tà wa dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Times New Roman tó wà lórí kọ̀ǹpútà tuntun náà ń gbìyànjú. Ní ti bí a ṣe ń tẹ àmì, Windows ní àtẹ Yorùbá tirẹ̀. Túndé Adégbọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ ALT-I ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí àtẹ Yorùbá, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ará YorubaName náà sì gbé àtẹ ọ̀fẹ́ jáde. Kò sí àwáwí mọ́.

Bí a kò bá fa ìlà sábẹ́, tí a kò sì fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀, kí la máa fi mú àkọlé yàtọ̀? Ìwọ̀n àti àyè. Bí ọ̀rọ̀ ìwé bá jẹ́ pọ́íǹtì 12, kí orúkọ ìpín jẹ́ 14 tàbí 16, kí àkọlé jẹ́ 20 sí 28. Bóòdù lè wà, ẹ̀ẹ̀kan tó. Kí àyè tó wà lókè orúkọ ìpín pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, bí 18 lókè, 6 nísàlẹ̀, kí ojú lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ ló ni ín, kì í ṣe èyí tó ti kọjá. Púpọ̀ nínú ìwé tí mo ń rí, ọgbọọgba ni lókè nísàlẹ̀, orúkọ ìpín á wà láàárín méjèèjì bí ọmọ tí kò mọ ẹni tó máa bá lọ sílé.

Ẹ má sì tẹ Ì P E R U pẹ̀lú space láàárín lẹ́tà nítorí kó lè fẹ̀. Táípúráítà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá Ìperu nínú ìwé náà lọ́la kò ní rí i, torí ohun tí kọ̀ǹpútà rí ni lẹ́tà márùn-ún tí kò bára wọn tan. Fèrèsé Font ní Advanced, Spacing wà níbẹ̀, Expanded ni kí ẹ mú.

Ibi tí ìlà ti ń ṣẹ́

Àkọlé tó gùn gbọ́dọ̀ ṣẹ́ sí ìlà méjì tàbí mẹ́ta, bí a kò bá sì yan ibi tó máa ṣẹ́, Word á yàn án fún wa, kò sì gbọ́ Yorùbá. Ẹ wo ìwé tí Fágúnwà kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Bí ìlà bá há, ẹ̀rọ lè fi “Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó” sókè, kí Irúnmalẹ̀ dá wà nísàlẹ̀, tàbí kó fi “nínú” rọ̀ sí ìparí ìlà. Ẹnu tó bá ka orúkọ yẹn á mí lẹ́yìn Ọdẹ. Ibẹ̀ ni kí ìlà ti ṣẹ́: Ògbójú Ọdẹ lókè, nínú Igbó Irúnmalẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ gbé cursor síwájú “nínú”, ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ Enter. Enter nìkan á sọ ọ́ di ìpínrọ̀ méjì, àkọlé méjì ni ẹ̀rọ á sì kà á sí.

Orúkọ oyè àti orúkọ ènìyàn kò gbọ́dọ̀ pínyà. Kí “Olóyè” má wà ní ìparí ìlà, kí orúkọ rẹ̀ wá wà ní ìlà kejì. Ctrl, Shift àti space bar lẹ́ẹ̀kan náà á so wọ́n pọ̀. Ní ìlú olóyè bíi tiwa, bọ́tìnnì mẹ́ta yìí nìkan lè gbà yín lọ́wọ́ ẹjọ́.

Àkọlé tó ní àlàyé lábẹ́ náà ní ètò tirẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gbé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní 1960, lẹ́tà mẹ́ta sì ni orúkọ ìwé náà: Awo. Pé ó jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé olóyè, àlàyé abẹ́ ló sọ ìyẹn. Bí ẹ bá fún méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, lẹ́tà mẹ́ta yẹn á rì sínú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí àlàyé abẹ́ kéré tó ìdajì tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta àkọlé, kó má bóòdù. Ìwé ìròyìn Townsend náà nìyẹn: ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ nìkan ni gbogbo ayé fi ń pè é dòní.

Lórí lẹ́tà, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Àkọlé lẹ́tà sí ìjọba tàbí sí ilé iṣẹ́ wà lábẹ́ ìkíni, lókè ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kì í ní àmì ìdánudúró ní ìparí. Ó lè wà láàárín, ó lè fara ti apá òsì. Bí àdírẹ́sì àti ìpínrọ̀ yín bá fara ti òsì, ẹ jẹ́ kí òun náà fara ti òsì.

Kí ẹ tó tẹ àádọ́ta ẹ̀dà, ẹ tẹ ẹyọ kan. Ẹ mú un jìnnà sójú kí ẹ wo àkọlé rẹ̀, ẹ ka àmì orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ìwé náà máa lọ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kò dájú pé fọ́ńtì yín wà níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di PDF kí fọ́ńtì lè bá a lọ. Ó ku ibì kan tí àkọlé tún ń sá pamọ́ sí, tí ọ̀pọ̀ atẹ̀wé kò mọ̀. Ìwé ètò ìsìnkú tuntun, inú ti àtijọ́ la sábà máa ń ṣe é, a ó pa orúkọ rẹ́, a ó kọ orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n àkọlé tó wà nínú ìwífún fáìlì kò yí. Nígbà tí ẹbí bá ṣí PDF náà lórí fóònù ní London tàbí ní Houston, orúkọ olóògbé ẹlòmíràn lè wà lókè fèrèsé. Ẹ ṣí File, ẹ wọ Info, ẹ wo iwájú Title, ẹ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ẹ kọ tuntun, kí ẹ tó tẹ Export.